Rélùwéè Àtijọ́ ní St. Louis: Ibo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Dé, Ọ̀nà Wo Ni Kí Ẹ Gbà?

Bí ẹ bá ń múra láti lọ sí St. Louis, yálà ọmọ yín ló ń kàwé níbẹ̀ tàbí ìgbéyàwó ẹbí ló gbé yín dé ọ̀hún, àwọn ènìyàn á ti ka oríṣiríṣi ibi sílẹ̀ fún yín: ọgbà ẹranko, Gateway Arch (ọrun irin gíga tó wà létí odò), pápá ìṣeré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún rélùwéè. Àwọn Faransé tó ń ṣòwò awọ ẹranko ló tẹ ìlú náà dó ní 1764 létí odò Mississippi, kò jìnnà sí ibi tí odò Missouri ti wọnú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Nígbà tí ayé ọkọ̀ ojú irin dé, Chicago ló tètè jí. Ní 1856, wọ́n kọ́ afárá rélùwéè àkọ́kọ́ sórí Mississippi ní Rock Island, lápá òkè odò, ọjà Chicago ló sì ń gba orí rẹ̀ lọ. St. Louis ṣì gbójú lé ọkọ̀ ojú omi nígbà náà. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ lónìí, ìsapá ìlú náà láti lé Chicago bá ló bí i.

Ìmọ̀ràn mi rọrùn: ibi tí irin ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí tí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ irin sí ṣì ń gbé ènìyàn lọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Ibi tí wọ́n ti sọ rélùwéè di ohun ọ̀ṣọ́ lè dúró de ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ní ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ lè ní ìdí láti yan ohun tó yàtọ̀ sí tèmi, màá sì sọ ìdí náà bí a bá dé ibẹ̀.

Afárá Eads àbí Union Station?

Afárá àtijọ́ lórí Mississippi ni Eads, ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ni Union Station. Àárín ìlú ni méjèèjì wà, nítorí náà àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá àlejò ní iyè méjì.

Títí di 1874, kò sí afárá kankan tó so St. Louis mọ́ Illinois, ìpínlẹ̀ tó wà ní òdìkejì odò. Ẹrù tó bá ti ìlà-oòrùn wá, wọ́n á já a ní èbúté, ọkọ̀ ojú omi á gbé e sọdá, wọ́n á tún kó o sínú ọkọ̀ ojú irin mìíràn ní òdìkejì. Bí yìnyín bá bo odò nígbà òtútù, iṣẹ́ dúró. James B. Eads, ọkùnrin tí wọ́n gbé iṣẹ́ afárá náà fún, kò kọ́ afárá rí. Ìsàlẹ̀ odò ló mọ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ abẹ́ Mississippi láti kó ẹrù inú ọkọ̀ tó rì, ó sì ti rí i fúnra rẹ̀ pé iyanrìn ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí òpó afárá kò bá gúnlẹ̀ sórí àpáta, omi á wú u lọ́jọ́ kan.

Àpótí ńlá tí kò nídìí ni wọ́n rì sínú odò. Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn líle sínú rẹ̀ kí omi má baà wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń gbẹ́ iyanrìn jáde títí àpótí náà fi ba lé àpáta. Lápá ìlà-oòrùn, ìsàlẹ̀ náà lé ní 90 ẹsẹ̀ bàtà lábẹ́ omi. Wọn kò tíì mọ̀ dájú nígbà náà pé ẹni tó bá ti inú irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ jáde kíákíá, afẹ́fẹ́ á hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Àwọn tó kú lé ní mẹ́wàá. Ọjọ́ 4 oṣù July 1874 ni wọ́n ṣí afárá náà, ọrun irin mẹ́ta, èyí àárín gùn tó 520 ẹsẹ̀ bàtà, àwọn méjì tó kù jẹ́ 502. Kò tíì sí afárá ńlá kankan láyé tí wọ́n fi irú irin líle tí wọ́n ń pè ní sítíìlì kọ́ ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ará ìlú débi pé wọ́n mú erin kọjá lórí rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìṣílé, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Síbẹ̀, kí ọdún tó yí po, ilé iṣẹ́ tó ni afárá ti wọ gbèsè.

Ìpele méjì ni afárá náà. Mọ́tò, ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń gba ti òkè. Ọkọ̀ ojú irin ló ni ti ìsàlẹ̀, títí tí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní 1974. Ní 1993 ni MetroLink, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín kí ẹ má fi Eads sílẹ̀ nìyí. Ẹ wọ MetroLink ní ibùdó East Riverfront, ní ìhà Illinois, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ̀ náà á gbé yín kọjá láàárín irin tí wọ́n dè ní 1874, á sì wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ àárín ìlú láyé ìgbà kan náà, á já yín sílẹ̀ nítòsí Union Station. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. N kò mọ ibòmíràn ní ìlú yẹn tí ènìyàn ti lè wọnú ìtàn rélùwéè báyìí pẹ̀lú owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìpele òkè. Ẹ máa rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n so pọ̀ lórí omi, àti Arch tó ga tó 630 ẹsẹ̀ bàtà lápá òsì yín bí ẹ bá kọjú sí ìlú.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ bá dúró lórí afárá yẹn. Ní ọjọ́ 2 oṣù July 1917, àwọn aláwọ̀ funfun kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú ní East St. Louis, ìlú tó wà ní ìhà Illinois, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì jó ilé wọn. Orí afárá yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé gbà sá wọ St. Louis, pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè gbé lọ́wọ́.

Union Station lẹ́wà ju Eads lọ. Theodore Link ló ya àwòrán ilé náà, ọjọ́ 1 oṣù September 1894 ni wọ́n sì ṣí i. Gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ ga tó 65 ẹsẹ̀ bàtà, àjà rẹ̀ rọ̀gbọ̀dọ̀, wọ́n fi àwọ̀ ewé àti wúrà kùn ún. Fèrèsé gíláàsì aláràbarà kan wà lókè ẹnu ọ̀nà tó ní obìnrin mẹ́ta nínú: ọ̀kan dúró fún New York, ọ̀kan fún San Francisco, St. Louis jókòó láàárín wọn. Lábẹ́ fèrèsé náà ni ẹnu ọ̀nà kan wà tó tẹ̀ lókè: bí ẹ bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sára ògiri lápá kan, ẹni tó fi etí sí apá kejì á gbọ́ yín ketekete. Òrùlé irin tí George Pegram ṣe sẹ́yìn ilé bo ilẹ̀ tó lé ní 11 ékà, kò sì sí irú rẹ̀ láyé nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó tó 100,000 ènìyàn tó ń gba ibẹ̀ kọjá lóòjọ́. Ibẹ̀ náà ni Harry Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà, ti gbé ìwé ìròyìn sókè ní oṣù November 1948, èyí tó ní òun ti fìdí rẹmi nínú ìdìbò tí òun jáwé olúborí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù October 1978 ni ọkọ̀ ìkẹyìn kúrò níbẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ni báyìí láti 1985, wọ́n sì ti kọ́ ilé ẹja ńlá, níbi tí ènìyàn ti ń wo ẹja ààyè, sábẹ́ òrùlé irin náà láti 2019, pẹ̀lú àgbá yíyí gíga kan tó ń gbé ènìyàn lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé wọn kò wó o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró lábẹ́ òrùlé yẹn, ìró ọmọdé àti orin ni ẹ máa gbọ́, ẹ ó sì ní láti fi ọkàn yàwòrán ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn wọlé. Fún ìdí yìí, wákàtí kan tó fún gbọ̀ngàn náà, ẹ sì lè wọ ibẹ̀ láìsanwó. Ilé ẹja ni ẹ máa sanwó fún, kò sì kan rélùwéè.

Bí ẹ bá ti dé Union Station, ẹ rìn díẹ̀ síwájú sí apá ìwọ̀-oòrùn. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Mill Creek Valley, tó bá ojú irin lọ. Nǹkan bí 20,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀ kí ìjọba ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó o ní 1959: ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀. Àwọn òpó òkúta ìrántí tí Damon Davis gbẹ́, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2023 lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù, dúró níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá wo ẹwà ibùdókọ̀ náà láìdé ibi òpó yìí, ìdajì ìtàn ló gbọ́.

Mùsíọ́ọ̀mù ìrìnnà: àwọn tó ní ọmọ lọ́wọ́

National Museum of Transportation wà lápá Kirkwood, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú. Mọ́tò ni ẹ máa gbé lọ, ẹ ó sì sanwó ìwọlé. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá kò ní bìkítà nípa òpó abẹ́ omi Eads, ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé iwájú Big Boy 4006, kí ẹ wò ó. Ẹ́ńjìnnì yìí àti kẹ̀kẹ́ èédú rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 132 ẹsẹ̀ bàtà, ìwúwo wọn lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Márùndínlọ́gbọ̀n péré ni wọ́n ṣe, mẹ́jọ ló kù. Táyà irin rẹ̀ ga ju ọmọdé lọ. Fún ìdílé, ibẹ̀ borí Union Station láìsí àríyànjiyàn, nítorí pé ọkọ̀ gidi ni ọmọ ń rí níbẹ̀.

Àgbàlagbà náà ní ohun tó máa wá wò: ihò abẹ́ òkè tí ilé iṣẹ́ Pacific Railroad gbẹ́ ní 1853, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Mississippi. Inú ọgbà mùsíọ́ọ̀mù náà ló wà. Àwọn kan a máa sáré kọjá lára rẹ̀ láti lọ wo ẹ́ńjìnnì. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ojú irin tó wọ inú òkè yẹn ni St. Louis fi bẹ̀rẹ̀ sí í lépa ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹ bá ń padà, ẹ ya téṣàn Kirkwood, ilé olókùúta tí wọ́n kọ́ ní 1893. Orúkọ James P. Kirkwood, ẹnjiníà àgbà ilé iṣẹ́ náà, ni wọ́n fi sọ ìlú yẹn, ọkọ̀ Amtrak, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò láti ìlú dé ìlú, ṣì ń dúró níbẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta fún kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀

Grant's Trail, Riverfront Trail, Katy Trail: orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn ará ìlú máa dá fún yín, wọn kò sì jọra rárá.

Grant's Trail ló rọrùn jù. Ojú irin Missouri Pacific ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gùn tó nǹkan bí 10 máìlì láti ẹ̀bá Kirkwood lọ sí gúúsù, ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ìyá àgbà lè rìn ín, wọ́n lè ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lórí rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ White Haven kọjá, ilé oko tí Ulysses Grant, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, àti ìyàwó rẹ̀ gbé, tó ti di ti ìjọba àpapọ̀ báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé. Àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ tààrà nípa àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ lóko náà, àti William Jones tí Grant dá sílẹ̀ ní 1859. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ó ń gba àárín ilé àti títì, ènìyàn á sì máa dúró fún mọ́tò. Bí ẹ bá ní wákàtí méjì péré, òun ni kí ẹ yàn.

Riverfront Trail kì í ṣe ojú irin àtijọ́ ní tòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n fi dí omi odò ló gbà, láti ìtòsí Arch lọ sí àríwá, nǹkan bí 11 máìlì. Mo fi í kún un nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó fi iṣẹ́ ìlú náà hàn yín bẹ́ẹ̀: ojú irin tó ṣì ń gbé ẹrù, àká ọkà, ilé iṣẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù lórí omi. Lójú ọ̀nà ni ibi ìrántí Mary Meachum wà, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó gbìyànjú ní oṣù May 1855 láti ran àwọn ẹrú lọ́wọ́ kí wọ́n lè sọdá odò sí Illinois, níbi tí kò ti sí ẹrú, tí wọ́n sì mú un. Òpin rẹ̀ ni afárá Old Chain of Rocks ti 1929, tó tẹ̀ láàárín odò, tó sì gùn tó máìlì kan. Ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gba orí rẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ dá, òjìji igi kò pọ̀. Ẹ má ṣe dá lọ, ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Katy ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ilé iṣẹ́ rélùwéè Missouri-Kansas-Texas ló la ọ̀nà náà bá etí àríwá odò Missouri lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ń fa ẹrù kì í fẹ́ gun òkè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi irin há àárín àpáta gíga àti omi. Bí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ lónìí, àpáta funfun yẹn á wà lọ́wọ́ kan, oko àgbàdo àti sóyà lọ́wọ́ kejì, ẹsẹ̀ yín kò sì ní mọ̀ pé òkè wà. Ohun kan náà tó mú kí ọ̀nà tẹ́jú ló mú kí omi máa ya bò ó. Ilé iṣẹ́ náà ti ń ronú láti fi í sílẹ̀, omíyalé oṣù October 1986 ló parí ọ̀rọ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1983 tó gbà pé kí wọ́n sọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, bí wọ́n bá ṣáà pa á mọ́ lódindi, kí ọkọ̀ ojú irin lè padà sórí rẹ̀ bí ó bá di dandan. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí oko wọn bá a pààlà kò gbà, wọ́n ní àwọn ló ni ilẹ̀ bí irin bá ti kúrò, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ní 1990, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Vermont, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ Katy ní Rocheport, pẹ̀lú owó ńlá tí Ted Jones àti ìyàwó rẹ̀ Pat fi sílẹ̀. Omíyalé 1993 tún ba ibi púpọ̀ jẹ́, wọ́n sì tún un ṣe. Ọ̀nà náà ti gùn tó 240 máìlì báyìí, láti Machens dé Clinton. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí tó fi wọ̀ ni ó máa ń wà ní ṣíṣí.

Òkúta tí wọ́n fọ́ kúnná ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, kì í ṣe ọ̀dà, nítorí náà kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín gan-an kò bá a mu, pàápàá lẹ́yìn òjò. St. Charles ni ó rọrùn jù láti ti bẹ̀rẹ̀: téṣàn Katy àtijọ́ wà nínú ọgbà etí odò níbẹ̀, lẹ́bàá ibi tí Lewis àti Clark, àwọn tí ìjọba rán láti lọ wo ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, ti gbéra lọ sókè odò ní oṣù May 1804. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ ojú ilẹ̀ tó dára jù, mo máa ń sọ pé kí ó gbé mọ́tò dé Defiance, kí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Augusta, nǹkan bí 7 máìlì. Àwọn ará Jámánì ló tẹ agbègbè yẹn dó, oko àjàrà ṣì wà lórí òkè rẹ̀. Ẹ gbé omi tó pọ̀ dání, kì í ṣe gbogbo ibùdó ló ní ẹ̀rọ omi. Ẹ yẹra fún July àti August bí ó bá ṣeé ṣe, ooru ibẹ̀ máa ń wúwo. Ìparí September sí October dára jù. Eégbọn wà nínú koríko, ẹ yẹ ara ọmọ wò bí ẹ bá délé.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta

Fún ọjọ́ kan, Eads ní àárọ̀, Union Station àti òpó Mill Creek ní ọ̀sán. Fún ọjọ́ méjì, ẹ fi Defiance sí Augusta kún un, tàbí mùsíọ́ọ̀mù bí ọmọ bá wà pẹ̀lú yín.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta, tí ara sì gbé e, ohun kan wà tó dára ju gbogbo èyí tí mo ti kà. Ọkọ̀ Amtrak tí wọ́n ń pè ní Missouri River Runner ń gbéra láti St. Louis, ó ń dúró ní Kirkwood, ó sì ń bá etí gúúsù odò Missouri lọ, lórí ojú irin tí Pacific Railroad là. Ẹ lè gbé kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ sọ̀ ní Hermann. (Bí ẹ bá ń lọ títí dé Jefferson City, ẹ ó kọjá odò Gasconade, níbi tí afárá ti wó lábẹ́ ọkọ̀ ojú irin ayẹyẹ ní ọjọ́ 1 oṣù November 1855, tí ènìyàn tó lé ní 30 sì kú.) Láti Hermann, ẹ gun kẹ̀kẹ́ sọdá afárá odò Missouri dé McKittrick, Katy wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ padà sí St. Charles tó nǹkan bí 61 máìlì. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, kí ẹ sùn ní Marthasville tàbí Augusta.

Ojú irin tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni ẹ gbà lọ, ojú irin tó ti kú ni ẹ gbà bọ̀, odò kan náà ló wà láàárín méjèèjì. Ẹ gba àyè kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ Amtrak nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àyè náà kò pọ̀. Ẹ sì bá ẹnì kan sọ ọ́ ṣáájú kí ó fi mọ́tò wá gbé yín ní St. Charles, torí MetroLink kò dé ibẹ̀.